Ọrùn-ẹsẹ̀ Bàbá Ládépò

Ìbídùn ló ń kọ nọ́ńbà tí wọ́n fún àìsàn kọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀rọ ní ọsibítù ìlú wọn. Bí ẹ̀rọ kò bá gba nọ́ńbà, dókítà kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aláìsàn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Bàbá Ládépò, bíríkìlà tí ọrùn-ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kán, tún wọ́ ẹsẹ̀ wá bá a nígbà kẹrin. Ẹsẹ̀ náà wú, ó ń dán.

"Ẹ má bínú, bàbá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti pé tí ẹsẹ̀ yín ti kán. Ẹ̀rọ ti kọ ọ́ pé ó ti jinná."

"Ọmọ mi, ṣé ẹ̀rọ ló ń fi í rìn ni? Eegun ọ̀hún kò tò. Mi ò lè gun àkàsọ̀ mọ́."

"Kò sí nọ́ńbà fún ẹsẹ̀ tó ti jinná, àfi tó bá tún kán."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ ló kábàámọ̀. Bàbá gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri, ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Ìbídùn rò pé ó fẹ́ lọ fẹjọ́ sun ọ̀gá òun ni. Ìgbà tí nǹkan ró gbì lẹ́yìn rẹ̀ ló tó mọ̀ pé bàbá ti bẹ́ sílẹ̀ láti òkè.

Ó sáré lọ wò ó, ọrùn-ẹsẹ̀ náà ti tún kán. Ó sáré padà sídìí ẹ̀rọ, ó kọ nọ́ńbà ẹsẹ̀ tó kán. Ẹ̀rọ bi í bóyá aláìsàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ara rẹ̀ léṣe ni. Ó tẹ "rárá", ẹ̀rọ sì gbà á. Kíá ni àwọn dókítà dé.

"O ṣeun, ọmọ mi," ni bàbá ń wí bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ. Tọkàntọkàn ló fi ń dúpẹ́.