Ẹ̀rọ Tó Ń Bu Pákó Jẹ

Gbàù! Ariwo tí ẹ̀rọ ìfápákó máa ń pa nígbà tó bá bu etí pákó jẹ nìyẹn. Torí ẹ̀ ni káfíńtà kan ní Småland, lórílẹ̀-èdè Sweden, fi lé Torkel àbúrò rẹ̀ kúrò níbi iṣẹ́ lọ́jọ́sí, ó ní ọ̀bùn ni, pé ìdọ̀tí rẹ̀ ló ń ba ẹ̀rọ jẹ́. Torkel lọ, gbàù ò lọ.

Nígbà tó sú káfíńtà, ó tú ẹ̀rọ náà kí ó lè to irin rẹ̀ dọ́gba. Lábẹ́ irin róbótó tó ń gbé pákó kọjá ló ti rí àpò aáṣáà kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń há sábẹ́ ètè. Itọ́ ti gbẹ mọ́ ọn lára bí òkúta, ó sì ti gbé irin náà sókè lápá kan.

“Ìríra! Gunvor, wá wo ẹ̀gbin tí ọ̀bùn yẹn fi sílẹ̀!”

Ìyàwó rẹ̀ yọjú, ó yínmú. “Bàbá Signe, ètè ta ló máa ń wú nínú ilé yìí? Torkel ò fẹnu kan aáṣáà rí.”

Káfíńtà fi ahọ́n ti aáṣáà tó wà lábẹ́ ètè tirẹ̀ sápá kan, ó nu irin, ó fá pákó kan wò. Kò sí gbàù.

Ó mú fóònù, ó kọ̀wé sí Torkel: “Mo ti dárí jì ọ́. Máa bọ̀ níbi iṣẹ́.”