Ibi Tí Wọ́n Ti Gbé E

"Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé lọ́sẹ̀ yìí, Nọ́ọ̀sì!" Awakọ̀ áńbúláǹsì ń gbé ọ̀mùtí tí kò nílé padà sínú ọkọ̀. "Ẹ rán orí tó fọ́, ẹ ò wo ọtí tó ń fọ́ ọ. Ẹ fi ètè sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá!"

"Ìjọba ò rówó ìtọ́jú ọtí."

"Àmọ́ wọ́n rówó epo ọkọ̀ yìí! Ibo ni kí n gbé e lọ?"

"Òfin ní kẹ́ ẹ dá a padà síbi tẹ́ ẹ ti gbé e."

Awakọ̀ tẹ́ ọ̀mùtí sílẹ̀ lábẹ́ afárá tó ti gbé e. Kò tíì ṣáná sọ́kọ̀ tí fóònù fi dún. Nọ́ọ̀sì ni.

"Ẹ yára o! Wọ́n ní ẹnì kan nà gbalaja sábẹ́ afárá."

Awakọ̀ bojú wẹ̀yìn. Ọ̀mùtí ti na ọwọ́ méjèèjì sókè, bí ọmọ tó fẹ́ kí wọ́n gbé òun.