Òjò Lábẹ́ Odán Ìta Aṣípa

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú nígbà tí Fẹ̀yíkẹ́mi, tó ti ìrìn àjò dé tòun tọmọ lẹ́yìn, sáré yà sábẹ́ odán àtayébáyé tó wà ní Ìta Aṣípa nítorí òjò. Omi kan kò kán sí i lára. Àmọ́ àwọn àdán tó máa ń pariwo níbẹ̀ dákẹ́ lọ́lọ́. Ni ọkọ rẹ̀ bá pè é lórí fóònù.

"Ìyá Àrínọlá, ibo lẹ dé?"

"Ẹ má bínú, abẹ́ odán la wà. À ń dúró kí òjò dá."

"Odán wo? Ṣebí wọ́n ti gé e láná, wọ́n hú gbòǹgbò rẹ̀ pátá!"

Ọmọ tó wà lẹ́yìn Fẹ̀yíkẹ́mi bú sẹ́rìn-ín, ó ń nawọ́ sẹ́yìn. Bí ìyá ṣe ní kí òun sáré, ohun kan rọra di ọ̀já ọmọ náà mú.