Ríláásà Orí Fọláyọ̀

Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ẹnìtàn kò dúró kí ẹnikẹ́ni bi òun kó tó jẹ́wọ́. Òun ló fi ríláásà sórí Fọláyọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣe irun ní Agbowó. Òun ló jẹ́ kó pẹ́ títí orí ọmọ ọdún méje náà fi bó. Nígbà tí Láwùmí, ìyá ọmọ náà, rí kókó mẹ́ta lọ́rùn rẹ̀, Ẹnìtàn náà ló ní kí wọ́n máa lọ sílé ìwòsàn.

"Ọwọ́ mi ló fà á, ẹ̀gbọ́n mi," ló ń wí nínú takisí títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn ní Ring Road. Tọ́mtọ́m wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?" Láwùmí dá a lóhùn. "Wo bí o ṣe rù. Má fi ìrònú pa ara rẹ."

Inú Ẹnìtàn túbọ̀ bàjẹ́. Èébú ì bá tù ú lára ju àánú yìí lọ. Nígbà tí ikọ́ pa ọkọ rẹ̀ lọ́dún 1993, tí àwọn àna lé e jáde kó má baà kó o ran ọmọ wọn, Láwùmí yìí ló gbà á sílé, tó ní kó máa bá Fọláyọ̀ sùn ní yàrá kan.

Dókítà tẹ ọrùn ọmọ náà, ó sì yẹ orí rẹ̀ wò.

"Kókó báyìí kì í ṣàdédé yọ," ó ní. "Egbò orí lè fà á, eyín tó jẹrà lè fà á. Àwọn yẹn ò le. Èyí tí ikọ́ ife bá fà ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré; bá ò bá tètè tọ́jú ẹ̀, ó lè pa ọmọ. Orí tó bó àti kókó, èwo ló ṣáájú?"

"Orí ni, sà," Ẹnìtàn ti sọ ọ́ kí Láwùmí tó lanu.

"Ṣé ẹnikẹ́ni ń wúkọ́ nílé?"

"Rárá o," Láwùmí dáhùn. Ẹnìtàn kọjú sí fèrèsé, ó ju Tọ́mtọ́m mìíràn sẹ́nu kí ọ̀fun má baà yún un.

Dókítà kọ oògùn egbò fún wọn. "Àǹtí, ẹ má sunkún mọ́," ó ní. "Kókó náà á lọ."

Níta, Láwùmí fi ìborùn nu ojú àbúrò rẹ̀. "Ọ̀dọ̀ rẹ náà ni Fọláyọ̀ á máa sùn," ó ní. "Ìwọ lo mọ bá a ṣe ń bẹ̀ ẹ́ kó tó lo oògùn."

Lọ́jọ́ tí Ẹnìtàn ń ya irun Fọláyọ̀, kó tó ṣí ike ríláásà rárá, ọwọ́ rẹ̀ ti kan kókó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́rùn ọmọ náà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ kí ríláásà náà pẹ́, kí egbò orí lè ru ẹ̀bi kókó náà.