Waris àti Iná Tí Kò Jó Kẹ̀kẹ́ Kankan

Ẹ jẹ́ n sọ ti Waris fún yín, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí ara ẹ̀ kì í balẹ̀ bó bá ti rí ẹni tó ṣáájú ẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíì bá fi ẹsẹ̀ kan yọ sí i, oúnjẹ ò ní lọ lọ́fun ẹ̀ mọ́.

Ẹgbẹ́ àwọn onígààrí ra kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta méjì tó ń lo bátìrì láti máa fi kó ẹrù, torí owó epo ti ń jẹ èrè wọn. Wọ́n fún Waris ní ọ̀kan, wọ́n fún Hafeezah ní ìkejì. Wọ́n ní òmíràn ń bọ̀, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ jù nínú àwọn méjèèjì ló máa di ọ̀gá awakọ̀. Ipò ọ̀gá yìí ni Waris ń lá lójú àlá.

Hafeezah kì í kánjú. Kó tó gbéra láàárọ̀, á kó gbogbo ibi tí ẹrù wà sínú fóònù, kí fóònù bá a to ọ̀nà tó dáa jù, kí kẹ̀kẹ́ má rìn lófìfo, kí bátìrì má sì kú sọ́nà.

"Bọ̀ọ̀dá Waris, ẹ jẹ́ ká jọ tò ó. Ẹ mú Ìmùṣin, kí n mú Ayépé àti Ìbẹ̀fun."

"Ìwọ máa tẹ fóònù lọ. Màá ti dé Ayépé kó o tó tẹ̀ ẹ́ tán."

Lóòótọ́ ló sáré. Ó sáré lọ Ìmùṣin, ó gbé àpò díẹ̀, ó tún ṣẹ́rí sí Ayépé, bátìrì kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn, wọ́n ń fa kẹ̀kẹ́ ẹ̀ wálé ṣáá. Làwọn ìyá onígààrí bá kọjú sí Hafeezah.

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ́ fò láìfara kanra, ṣùgbọ́n Hafeezah nìkan ni Waris ń rí. Ó jókòó ti fóònù, ó ń yẹ gbogbo gúrúùpù Wásáàpù wò, ó ń wá ẹnì kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ máa ti ọ̀dọ̀ ẹ̀ dé ibi gbogbo. Ó rí Alájà Mùínátù ní Ìmùṣin, tí wọ́n wà ní gúrúùpù onígààrí, ti ẹgbẹ́ àdúrà àsàlátù, àti ti àwọn òbí ọmọ ilé-ìwé.

Ọgbọ́n gidi nìyẹn, ẹ̀yin ará. Ohun tó fi ṣe ni ò dáa. Ó wá fọ́tò kẹ̀kẹ́ kan tó jóná níbòmíì, ó fi ránṣẹ́ sí wọn: "Alájà, irú bátìrì tó wà nínú kẹ̀kẹ́ Hafeezah ló jó báyìí o. Ẹ má gbé gààrí yín sínú iná."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Alájà fi ránṣẹ́ síbí, ará ibí fi ránṣẹ́ sọ́hùn-ún. Bó ṣe ń lọ, orúkọ Hafeezah já bọ́ lára ẹ̀. Kó tó dọ̀sán, ohun tó kù lẹ́nu aráyé ni pé kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ń gbiná.

Waris dé Ìmùṣin tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ìyá kan nawọ́ sí i látòkèèrè.

"Dúró síbẹ̀. Gbé iná ẹ kúrò nídìí gààrí mi."

"Tèmi kọ́, Màmá. Ti Hafeezah ni."

"Ṣé omi ló wà nínú bátìrì tìẹ ni?"

Ó sá lọ Ayépé, bákan náà. Ó kọ ọ́ sí gúrúùpù pé irọ́ ni. Wọ́n ní torí iṣẹ́ ẹ̀ ló ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀.

Hafeezah ní tiẹ̀ béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, wọ́n ní ọ̀dọ̀ Alájà ni, ó bá gba ilé wọn lọ. "Alájà, ẹ jọ̀ọ́, ta ló fún yín ní fọ́tò yẹn?"

"Waris ni. Ó ní irú bátìrì tìẹ ni."

"Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ra kẹ̀kẹ́ wa, Alájà. Bátìrì kan náà ni."

Alájà bá dìde. Wọ́n gun kẹ̀kẹ́ Hafeezah, wọ́n jókòó lórí àpò gààrí, wọ́n ní kí Hafeezah máa wà á lọ. Wọ́n ká ohùn wọn sórí fóònù, wọ́n fi ránṣẹ́ sí gbogbo gúrúùpù wọn: "Èmi Mùínátù rèé lórí kẹ̀kẹ́, mi ò jó. Waris ló parọ́ fún mi, èmi náà ò sì wádìí kí n tó fi ránṣẹ́. Ẹ forí jì mí."

Eérú ń tọ ẹni tó dà á. Ọ̀nà tí Waris fọwọ́ ara ẹ̀ là ni ohùn yẹn gbà, ó kárí Ìjẹ̀bú kílẹ̀ tó ṣú. Ẹgbẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, Hafeezah sì di ọ̀gá. Ọmọlańkẹ́ ni Waris ń tì lọ́jà báyìí, kò sì sẹ́ni tó máa gbé ẹrù sí i tí ò ní kọ́kọ́ bi í pé, "Waris, ṣé èyí ò ní gbiná?"

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé, ẹ̀yin tá a jọ ń tẹ fóònù láàárọ̀ lálẹ́. Kéèyàn mọ ọ̀nà tó yá jù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ohun tó bá rán gba ọ̀nà náà ni kó yẹ̀ wò. Ẹni tó bá fẹ́ dáná sun ọjà ẹnìkejì ẹ̀, kó kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹrù tiẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì máa ń gba ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ tún máa ń fi ránṣẹ́, ẹ béèrè ná.