Akàn Dínà Ìsun

Ẹ̀yin ọmọ, kí la mọ̀ nípa ìsun tí ẹsẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀? Kì í mọ́.

Ìsun tí Akàn ń gbé dára tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ẹranko ń wá wò ó. Akàn kò lé àlejò kankan, títí ẹrẹ̀ fi fẹ́ pa àwọn ọmọ rẹ̀. Ó bá dínà: "Ẹni márùn-ún lójúmọ́!"

Ẹfọ̀n, tó ṣe ẹni kẹfà lọ́jọ́ náà, ní, "Ìwọ tí kò lè rìn tààrà ló fẹ́ tọ́ mi sọ́nà?"

Akàn dárin, àwọn tó tò sẹ́yìn ń gbè é:

Bàbá Ẹfọ̀n, ẹ dúró o!
*Ìsun ń sinmi.*
Ọ̀la ń bọ̀ wá kàn yín o!
*Ìsun ń sinmi.*

Ìtìjú mú Ẹfọ̀n, ó jókòó. Lọ́jọ́ kejì, omi ti tòrò. Ó rí àwọn ọmọ Akàn tí wọ́n ń ṣeré nísàlẹ̀.

"Háà! Ṣé ẹnì kan ń gbé ibí ni?"

Níbi tí ẹ bá tún ti lọ ṣèbẹ̀wò, ẹ kọ́kọ́ bi onílé pé, "Ẹni mélòó lẹ lè gbà lónìí?"