Télọ̀ Tó Ní Kí Wọ́n Ṣí Ojú Kan Péré

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn oge, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ sá lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán.

1. Télọ̀ obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ojú Téèpù. Bó bá wò yín lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ ìwọ̀n ìbàdí yín. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé aṣọ lẹ́yìn òun. Irun òkè ojú rẹ̀ méjèèjì ló pàdé lórí imú, ìyẹn ló sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀ obìnrin, níbi tí wọ́n ti ń fi iná lésà yọ irun.

2. Àbúrò fi awò dúdú bò ó lójú.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ṣí i o.”

Iná tàn lẹ́ẹ̀mejì. Ara Ojú Téèpù ò gbà á mọ́.

“Gbé dígí fún mi. Ṣí ojú kan péré, kí n rí ibi tó ò ń yọ.”

“Wọn kì í wò ó, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ìwọ tí mo pọ̀n dàgbà ló ń sọ fún mi pé kí n dijú?”

Àbúrò mọ̀ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun gbó ẹ̀gbọ́n òun lẹ́nu? Ó gbé awò náà sókè lápá ọ̀tún, ó tẹ ẹ̀rọ.

3. “Kí ló dúdú láàárín ojú mi yìí?”

Wọ́n fomi ṣan ojú náà. Wọ́n dúró di ọjọ́ kẹta, kò lọ. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, ìyẹn wò ó títí.

“Iná ti jó ẹ̀yìn ẹyinjú, ìyá. A ò ní ohun tá a lè ṣe sí i.”

“Iṣẹ́ abẹ ńkọ́?”

Dókítà mi orí. Àánú Ojú Téèpù ṣe mí, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́.

4. Bí Ojú Téèpù bá fi ojú yẹn wo oníbàárà, etí nìkan ló ń rí, kò rí ojú. Ojú kejì tó ṣẹ́ kù ò sì lè dá mọ ibi tí ihò abẹ́rẹ́ wà mọ́. Àràárọ̀ ni àbúrò ń wá ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fún un.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tiẹ̀ bú mi.”

“Kí n bú ẹ ṣe kí ni? Èmi ni mo ní kó o ṣí i. Ki òwú.”

Ẹ gbọ́ o. Ẹ̀yin tí wọ́n ń ṣe lóge, ẹ má ṣí awò yẹn, ì báà ṣe ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ di ẹ̀rọ mú, bó jẹ́ ìyá tó bí yín ló sùn síbẹ̀ tó ní kẹ́ ẹ ṣí i, ẹ kọ́kọ́ pa iná. Kó bínú sí yín. Inú tó bí lè rọ̀ tó bá dọ̀la.